Òrùlé Tó Ń Jò: Ìgbà Tó Yẹ Kí Ẹ Pààrọ̀ Rẹ̀, Àti Bí Tuntun Kò Ṣe Ní Jò

Òjò rọ̀, ilé jò. Ẹ pe káfíńtà, ó gòkè, ó fi gọ́ọ̀mù dí ibì kan, ẹ sanwó. Òjò kejì dé, ibòmíràn tún ń jò. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó sú yín, ẹ ní kí wọ́n ṣí gbogbo páànù dànù kí wọ́n kan tuntun. Owó ńlá bá a lọ. Òjò tó kọ́kọ́ rọ̀ lé òrùlé tuntun, omi tún bọ́ sí ojú ibi tí garawa ti máa ń wà tẹ́lẹ̀.

Bó ṣe ṣe ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Páànù rẹ̀ kọ́ ló ń jò rárá. Ibi tí òrùlé ti kan ògiri yàrá òkè ni omi ń gbà wọlé, káfíńtà tó kan páànù tuntun kò sì fọwọ́ kan ibẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ní kó wò ó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé inú àjà ló yẹ kéèyàn ti pinnu lórí òrùlé. Ẹni tó bá dúró síta tó gbójú sókè, àwọ̀ páànù nìkan ló ń wò.

Páànù onírin àti ti alumíníọ̀mù ni mo máa sọ̀rọ̀ lé lórí jù. Ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ 1 dé 3 kan gbogbo òrùlé, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n fi amọ̀ sísun ṣe, ì báà jẹ́ ti sìmẹ́ńtì.

Ohun tí ẹ máa nílò

Fún àyẹ̀wò: tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa, ṣọ́ọ̀kì, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó (irin tí wọ́n fi ń tú síkúrúù náà tó), tépù, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn tó ilé yín, lẹ́fẹ́ẹ̀lì bíríkìlà, òòfà kékeré kan, fóònù tó ń ya fọ́tò, àti rọ́bà gígùn tó lè gbé omi dé òkè. Ẹnìkejì náà wà lára ohun tí ẹ nílò. Ẹ má ṣe dá gun òrùlé.

Fún iṣẹ́ fúnra rẹ̀: àkàbà tó dúró ṣinṣin, bẹ́líìtì ààbò àti okùn rẹ̀, bàtà onírọ́bà tí kì í yọ̀, ìbọ̀wọ́ tó nípọn, tapólì tó lè bo apá tí wọ́n bá ṣí, dírílì, sísọ́ọ̀sì páànù, síkúrúù tó ní wáṣà rọ́bà, àti oògùn tí wọ́n ń kùn sára igi.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wá ojú ibi tí omi ń gbà wọlé

Àbàwọ́n tó wà lára pátákó àjà kì í sábà wà lábẹ́ ihò gan-an. Omi á gba òkè wọlé, á máa rìn lára igi ní jẹ́jẹ́, títí á fi dé ibi tí igi náà ti tẹ̀ tàbí ibi tí ẹnu ìṣó kan ti yọ síta. Ibẹ̀ ni yóò ti já bọ́. Mo ti rí èyí tó rin nǹkan bíi mítà 3 kó tó kán sílẹ̀. Ẹni tó bá lọ dí òkè ibi tí garawa wà, ibi tí kò jò ló ń dí.

Ẹ gun inú àjà lọ́sàn-án gangan nígbà tí oòrùn mú. Ẹ kọ́kọ́ pa iná mànàmáná tó gba òkè, torí wáyà tó ti rin lè pa èèyàn. Orí igi nìkan ni kí ẹ máa tẹ̀. Pátákó àjà kò lè gbé èèyàn ró. Ẹ wá pa tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 kí ojú yín lè mọ́ òkùnkùn. Ihò ìṣó tó ti fẹ̀, ibi tí páànù méjì ti ya ara wọn, gbogbo rẹ̀ á máa tàn bí ìràwọ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára igi tó sún mọ́ ọn jù, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ má nù ṣọ́ọ̀kì yẹn o, a ṣì máa padà wá bá a.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì báyìí, kí ẹ máa wá ipa omi: ìlà dúdú tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú lára igi, eérú funfun lára ìṣó, ibi tí ìdọ̀tí ti wọ́ jọ bíi pé nǹkan ṣàn kọjá. Ẹ tẹ̀ lé e lọ sókè títí yóò fi dópin. Òkè ibi tó dópin sí ni kí ẹ fura sí.

Tí ẹ ò bá rí ihò kankan, ẹ lo omi. Ẹnì kan á wà nínú àjà, ẹnì kejì á máa da omi láti orí àkàbà. Láti ìsàlẹ̀ òrùlé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ da omi sí ojú kan fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tó sún sókè ní mítà 1. Ẹ̀yìn ìyẹn, ẹ tún dà á fún ìṣẹ́jú 10. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, omi rẹ̀ á ṣàn gba gbogbo ojú ìsopọ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní mọ èwo ló ń jò nínú wọn.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe: omi tó ń kán lè máà jẹ́ ti òjò. Tó bá jẹ́ pé ìdájí ló ń kán, lẹ́yìn òru tó tutù, tí òjò kò sì rọ̀, ọ̀rinrin inú ilé ló gòkè lọ, tó pàdé páànù tútù, tó di omi. Ẹ fọwọ́ ra abẹ́ páànù. Bí ìrì bá bò ó láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ẹ lọ wá ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ á fi máa gba inú àjà kọjá. Ẹni tó pààrọ̀ òrùlé nítorí èyí á bá ìrì kan náà lábẹ́ páànù tuntun.

Àyẹ̀wò: ẹ lè fi ìka tọ́ka sí ibì kan pàtó pé ibí ni omi ń gbà, ẹ sì ti da omi sí i lẹ́ẹ̀mejì, ó jò lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ gún igi wò

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fo ìgbésẹ̀ yìí, òun ló sì ń sọ iṣẹ́ kékeré di iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ra páànù tán. Síkúrúù tuntun tí wọ́n fi kan igi tó ti rà kò ní di nǹkan kan mú. Ìjì àkọ́kọ́ tó bá fẹ́ á ṣí i bí ẹni ṣí ìwé.

Ẹ mú irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó yẹn, kí ẹ máa fi gún igi. Igi tó le á kọ̀ fún un, á dún kó. Èyí tó ti rà á gbà á wọlé bí ìgbà téèyàn gún ọṣẹ, ohun tó bá sì bá irin jáde á rọ̀, á dúdú, á máa rùn bí ilẹ̀ tútù. Àwọn ibi tó yẹ kí ẹ gún dáadáa ni orí igi níbi tó ti jókòó lé ògiri, ẹ̀yìn fásíà (pátákó tí wọ́n kàn mọ́ etí ìsàlẹ̀ òrùlé), abẹ́ kòtò tí apá òrùlé méjì ti pàdé, àyíká páìpù tó yọ jáde lókè, àti gbogbo ibi tí ẹ ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí.

Ti ikán yàtọ̀. Ojú igi lè dán kó sì mọ́, kí inú rẹ̀ ti ṣófo. Ẹ fi orí òòlù kàn án: igi tó ṣófo á dún bí ìlù. Ẹ tún wo ara ògiri bóyá ọ̀nà erùpẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń gun òkè lọ. Bí ẹ bá rí ihò wẹ́wẹ́ lára igi tí ìyẹ̀fun tuntun ń dà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kòkòrò ṣì ń jẹun nínú rẹ̀. Ihò tí kò ní ìyẹ̀fun lè jẹ́ ti ọjọ́ pípẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ na okùn láti ìpẹ̀kun igi kan dé èkejì, kí ẹ fà á le. Tí igi tó gùn ní mítà 3 bá fi ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ tẹ̀ ní àárín, ẹ má fi ojú káfíńtà nìkan mọ. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ nípa bí ilé ṣe ń ru ẹrù.

Àyẹ̀wò: ẹ ti ní iye lórí ìwé. Igi mélòó ló máa jáde, báwo ni ìkọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó, níbo ló wà. "Igi díẹ̀ ti bàjẹ́" kì í ṣe iye.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ pinnu

Àtúnṣe tó, bó bá jẹ́ ibì kan tàbí méjì ló ń jò, tí páànù yòókù ṣì le, tí igi sì dára. Nígbà mìíràn gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ náà kò ju wáṣà rọ́bà tí oòrùn ti mú gbẹ tó sì ti sán lọ. Ẹ tú síkúrúù àtijọ́, kí ẹ fi èyí tó sanra jù ú díẹ̀ rọ́pò rẹ̀, tòun ti wáṣà tuntun. Ó tán.

Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bó bá jẹ́ pé ìpẹtà ti jẹ páànù púpọ̀ wọnú. Àtàńpàkò ni wọ́n fi ń mọ èyí: láti inú àjà, ẹ fi tẹ abẹ́ páànù níbi tó ti pọ́n jù. Bó bá tẹ̀, tó ń dún wàrà-wàrà, irin ti tán níbẹ̀, ọ̀dà ló kù. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ náà bí ihò ìṣó bá ti fẹ̀ káàkiri, tàbí bí igi tó rà bá ti kárí òrùlé débi pé ẹ ò lè yọ ọ́ láìṣí páànù. Alumíníọ̀mù kì í dípẹtà bíi irin, nítorí náà ọjọ́ orí rẹ̀ nìkan kì í ṣe ìdí láti ṣí i. Ihò ìṣó rẹ̀ ni kí ẹ wò. Òrùlé amọ̀ sísun lè lò ju 50 ọdún lọ, ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ àti igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé e ró máa ń ṣáájú rẹ̀ lọ.

Ìlànà tèmi ni pé bí ibi tó ń jò bá ti ju ìdá kan nínú mẹ́ta òrùlé lọ, tàbí tí owó àtúnṣe bá ti sún mọ́ ìdajì owó ìpààrọ̀, mi ò ní lẹ ẹ́ mọ́. Owó lílẹ̀ yẹn kì í padà wá.

Ohun kan wà tí páànù tuntun kò lè tún ṣe: òrùlé tó tẹ́jú jù. Ẹ gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì lé etí òrùlé, kó nà síta kó sì tẹ́jú gẹ́lẹ́, ẹ wọn mítà 1 lára rẹ̀, kí ẹ wá wọn bí òrùlé ṣe jìn sí i tó ní ìparí mítà náà. Sẹ̀ǹtímítà 10 jẹ́ nǹkan bíi dígírì 6, sẹ̀ǹtímítà 27 jẹ́ dígírì 15, sẹ̀ǹtímítà 36 jẹ́ dígírì 20, sẹ̀ǹtímítà 58 sì jẹ́ dígírì 30. Bí tiyín bá kéré sí dígírì 10, omi á máa lọ́ra lórí páànù onígelegele, afẹ́fẹ́ á sì máa tì í padà sábẹ́ ojú ìsopọ̀. Àfi kí ẹ gbé igi rẹ̀ ga sí i, tàbí kí ẹ ra irú páànù tí wọ́n ṣe fún òrùlé tó tẹ́jú.

Ìkìlọ̀ méjì. Àkọ́kọ́, àwọn kan á ní kí ẹ kan tuntun lé orí ti àtijọ́ kó lè yá. Èmi ò jẹ́ gbà. Ọ̀rinrin á há sí àárín méjèèjì, igi tó rà á sì wà níbẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Èkejì, ẹni tó bá fẹ́ kúrò lórí páànù bọ́ sórí òrùlé sìmẹ́ńtì, kó kọ́kọ́ ṣe ìṣirò ẹrù. Páànù alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́ wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 2 lórí mítà onígun mẹ́rin 1. Ti sìmẹ́ńtì sábà máa ń tó 40 sí 50. Lórí òrùlé tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 120, ìyàtọ̀ náà ti ju tọ́ọ̀nù 4 lọ daadaa, orí igi kan náà ni ẹ sì fẹ́ kó o lé.

Bí òrùlé yín bá jẹ́ páálí líle aláwọ̀ eérú, tí ilé náà sì ti pẹ́, ẹ kà á sí asbestos (fọ́nrán wẹ́wẹ́ inú òkúta tí wọ́n máa ń pò mọ́ sìmẹ́ńtì) títí àyẹ̀wò yóò fi sọ pé òun kọ́. Gbogbo oríṣi asbestos ló ń fa àrùn jẹjẹrẹ, ó sì lè tó 20 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn téèyàn fa eruku rẹ̀ símú kó tó yọjú. Ẹ má rẹ́ ẹ, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má gbálẹ̀ eruku rẹ̀, ẹ má sì fi omi alágbára fọ̀ ọ́. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, àwọn tó gbàwé àṣẹ ni òfin gbà láyè láti ṣí i. Àwọn ni kí ẹ pè. Wọ́n á fi omi rin ín, wọ́n á tú u ní odidi, wọ́n á sì fi ọ̀rá tó nípọn wé e pa.

Àyẹ̀wò: ẹ lè sọ ìdí tí ẹ fi ń pààrọ̀ òrùlé ní gbólóhùn kan, láìdárúkọ àwọ̀ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wọ̀n ọ́n

Ẹ wọn gígùn àti ìbú ilé nílẹ̀, pẹ̀lú ibi tí òrùlé ti yọ kọjá ògiri. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn. Nítorí pé òrùlé dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ó fẹ̀ ju ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lọ: tó bá jẹ́ dígírì 15, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ ní ọ̀nà 1.04, dígírì 20, ọ̀nà 1.06, dígírì 30, ọ̀nà 1.15. Ilé tó jẹ́ mítà 10 sí mítà 12 ní dígírì 30 á gbà tó mítà onígun mẹ́rin 138. Ẹ fi ìdá 10 nínú 100 kún un fún gígé, tàbí 15 bí òrùlé bá ní igun púpọ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe: wọ́n ń ka páànù pẹ̀lú odidi ìbú rẹ̀. Páànù tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90 lè máa bo sẹ̀ǹtímítà 80 péré, torí èyí tó kù wà lábẹ́ ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òrùlé tó gùn ní mítà 12 á gba 15 páànù. Ẹni tó fi 90 pín in á ra 14, ọjọ́ iṣẹ́ ló sì máa mọ̀ pé ó kù kan.

Gígùn páànù kọ̀ọ̀kan: láti téńté òrùlé dé fásíà, kí ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 5 kún un kó lè yọ wọnú gọ́tà. Ẹ wọ̀n ọ́n níbi mẹ́ta, torí ilé tó dọ́gba gẹ́lẹ́ ṣọ̀wọ́n.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ yẹ páànù wò kí ẹ tó sanwó

Òòfà kì í fà mọ́ alumíníọ̀mù. Bó bá fà mọ́ ohun tí wọ́n pè ní alumíníọ̀mù, irin ni wọ́n tà fún yín. Sísanra ni èkejì: 0.45, 0.55 tàbí 0.7 mìlímítà ni ẹ máa ń gbọ́, ìyàtọ̀ wọn kò sì hàn sójú. Ẹ ní kí wọ́n fi irin ìwọ̀n wọ̀n ọ́n níwájú yín, ní etí páànù tí wọ́n fẹ́ kó fún yín gan-an. Èyí tó wà lórí káńtà kò kàn yín.

Ẹ má jẹ́ kí alumíníọ̀mù fara kan bàbà, ẹ má sì jẹ́ kí sìmẹ́ńtì tútù gbẹ sí i lára. Méjèèjì ń jẹ ẹ́.

Lórí ọ̀rọ̀ ìṣó, ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni. Síkúrúù oníwáṣà rọ́bà ni kí ẹ lò. Oòrùn ń na páànù lójoojúmọ́, òru ń sún un kì. Páànù alumíníọ̀mù tó gùn ní mítà 6, bí ooru ara rẹ̀ bá yí padà ní dígírì 40, á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi mìlímítà 6 gùn sí i. Ti irin á tó ìdajì ìyẹn. Fífà àti títì yẹn ló ń yọ ìṣó díẹ̀díẹ̀ títí orí rẹ̀ á fi gbé sókè, tí omi á wá rí ọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ 6: Àdéhùn

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: irú páànù àti sísanra rẹ̀, iye igi tó máa jáde (ẹ ti kà á), irú síkúrúù, ẹni tó máa kó ìdọ̀tí, ẹni tó ni ẹ̀bi bí òjò bá pa ilé nígbà tí òrùlé ṣí sílẹ̀. Ẹ pín owó sí ìpele, kí ẹ sì mú díẹ̀ dání títí òjò gidi yóò fi rọ̀ lé e. Káfíńtà tó dá iṣẹ́ ara rẹ̀ lójú kì í bá èyí jà.

Ìgbésẹ̀ 7: Ṣíṣí ti àtijọ́

Ìgbà tí ojú ọjọ́ gbẹ ni kí ẹ mú. Síbẹ̀, ẹ má ṣí ju ohun tí ẹ lè bò kí ilẹ̀ tó ṣú lọ, kí tapólì sì wà lókè ṣáájú kí páànù àkọ́kọ́ tó kúrò.

Bí àkàbà bá ga ní mítà 4, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní mítà 1, kí orí rẹ̀ sì yọ kọjá etí òrùlé ní mítà 1 kí ẹ lè rí nǹkan dì mú. Ẹ máa tẹ ìlà síkúrúù, torí igi wà lábẹ́ ibẹ̀. Páànù oníke tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé kò ṣeé tẹ̀ rárá. Bí oòrùn bá ti bà á jẹ́, ẹsẹ̀ kan ló máa gbà. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, ẹ má gbé páànù. Ó lè gbé ẹni tó gbé e.

Káàpù téńté, ìyẹn páànù tó bo orí téńté òrùlé, ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, kí ẹ tó máa ṣí páànù láti òkè bọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ má ju u sílẹ̀. Nígbà tí igi bá hàn, ẹ tún fi irin gún gbogbo rẹ̀ lójú oòrùn, torí ojú òkè igi tí páànù bò kò hàn láti inú àjà. Ẹ yọ èyí tó rà, ẹ fi tuntun sí i, ẹ fi oògùn kun ojú ibi tí ẹ gé, ibẹ̀ gan-an ni omi àti ikán máa ń gbà wọlé. Ẹ wá na okùn sórí gbogbo igi ìdábùú. Èyí tó bá lọ sílẹ̀, ẹ fi pátákó gbé e sókè.

Àyẹ̀wò: okùn fara kan gbogbo igi ìdábùú láìsí àlàfo. Bí páànù bá jókòó lé igi tó gbún, omi á dúró nínú ibi tó gbún.

Ìgbésẹ̀ 8: Kíkan tuntun

Páànù àkọ́kọ́ ló ń darí gbogbo ìyókù. Tó bá wọ́ ní sẹ̀ǹtímítà 1, nígbà tí ẹ bá fi dé ìpẹ̀kun kejì, etí òrùlé á ti dà bí àtẹ̀gùn. Ẹ wọn mítà 3 lára fásíà, mítà 4 sókè lára etí páànù àkọ́kọ́ náà. Àárín ìpẹ̀kun méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ mítà 5 géérégé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, páànù ni kí ẹ yí, ẹ má fi òòlù fipá mú un.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ òjò kì í ti í wá, kí ẹ máa kàn án bọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tó ti ń wá. Báyìí, etí páànù tó wà lókè á kẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, òjò ò sì ní rí ẹnu wọ̀. Kí ojú ìsopọ̀ ẹ̀gbẹ́ bo gegele kan àbọ̀, ó kéré tán. Bí páànù kan kò bá dé téńté, kí ti òkè bo ti ìsàlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15. Bí òrùlé kò bá tó dígírì 15, ẹ ṣe é ní 20 sókè.

Orí gegele ni kí ẹ ti lu síkúrúù. Inú kòtò páànù ni omi ń gbà ṣàn, ihò tó bá wà níbẹ̀ á máa wà nínú omi ní gbogbo ìgbà tí òjò bá ń rọ̀. (Bí ìwé ilé-iṣẹ́ tó ṣe páànù yín bá sọ nǹkan mìíràn, ìwé yẹn ni kí ẹ tẹ̀ lé.) Ní etí ìsàlẹ̀ àti ní téńté, níbi tí ìjì ti ń fà á jù, ẹ lu síkúrúù sí i nítòsí ara wọn ju ti àárín lọ.

Ẹ bá mi wo ojú síkúrúù kan dáadáa. Wáṣà rọ́bà wà láàárín irin òkè àti páànù. Bí ẹ bá rọ́ ọ títí tí rọ́bà fi yọ díẹ̀ lábẹ́ irin, yíká-yíká, ó ti tó. Bí rọ́bà kò bá yọ, tí ìka yín ṣì lè yí i, omi á gba abẹ́ rẹ̀. Bí ó bá fọ́n jáde bí ohun tí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀, tí gegele páànù sì tẹ̀ wọnú, ẹ ti rọ́ ọ jù: rọ́bà yẹn á sán láìpẹ́, omi á sì dúró yí i ká. Mo máa ń sọ fún àwọn tó bá ń ṣe tèmi pé kí wọ́n dín agbára dírílì kù, kí wọ́n sì fọwọ́ parí rẹ̀.

Ẹ má fi ẹ̀rọ tó ń ta iná gé páànù onírin. Ó ń jó ọ̀dà àti ohun tí wọ́n fi bò ó, etí ibẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ dípẹtà. Sísọ́ọ̀sì páànù ni kí ẹ lò. Èérún irin tí dírílì gé sílẹ̀, ẹ gbá a kúrò lórí òrùlé lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ìrì bá pa á, ìdájí ọjọ́ kejì ni ẹ máa rí àmì pupa wẹ́wẹ́ lórí páànù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Àyẹ̀wò: ẹ dúró sí ìpẹ̀kun kan kí ẹ wo ìlà síkúrúù, ó gbọ́dọ̀ gún. Síkúrúù tó bá yà kúrò nínú ìlà kò kan igi, afẹ́fẹ́ ló kàn. Ẹ wọnú àjà lọ wò: ẹ ò gbọ́dọ̀ rí ẹnu síkúrúù tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi. Bí ẹ bá rí i, ẹ tú u, ẹ dí ihò rẹ̀, ẹ lu òmíràn.

Ìgbésẹ̀ 9: Ojú ìsopọ̀

Àárín páànù kì í sábà jò. Téńté, ẹ̀gbẹ́ ògiri, kòtò tí apá òrùlé méjì ti pàdé, àti ìdí páìpù ni omi ń wá.

Káàpù téńté gbọ́dọ̀ bo páànù ní sẹ̀ǹtímítà 15 lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ sì fi fóòmù dí abẹ́ gegele kí òjò oníjì má baà fẹ́ wọlé, kí ẹyẹ má sì kọ́lé síbẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, páànù tí wọ́n tẹ̀ lójú méjì, tí àwọn káfíńtà ń pè ní fíláṣíìnì, ló ń ṣiṣẹ́. Kó gun ògiri sókè ní sẹ̀ǹtímítà 15, kí etí òkè rẹ̀ sì wọnú ihò gbọọrọ tí wọ́n gé sínú ògiri, tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 2.5, kí wọ́n tó fi gọ́ọ̀mù dí i. Ohun tí wọ́n ṣe sí ti ẹ̀gbọ́n mi ni pé wọ́n kàn lẹ páànù náà mọ́ ojú ògiri, wọ́n fa gọ́ọ̀mù sórí rẹ̀. Oòrùn ọdún kan péré ló gbé gọ́ọ̀mù yẹn kúrò lára ògiri. Àlàfo rẹ̀ kò ju kí bébà wọ̀ ọ́ lọ, omi tó ń ṣàn bọ̀ lára gbogbo ògiri òkè sì ń gba ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n gé ògiri tí wọ́n sì ki etí fíláṣíìnì bọ inú rẹ̀, ó dáwọ́ dúró. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni.

Nínú kòtò ìpàdé, ẹ má lu síkúrúù kankan sí àárín, kí etí páànù ọ̀tún àti ti òsì sì jìnnà síra wọn tó kí ewé lè kọjá. Ìdí páìpù ń fẹ́ rọ́bà tí wọ́n ṣe fún un. Gọ́ọ̀mù nìkan kò tó.

Àyẹ̀wò: ní ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín pé, "Bí gọ́ọ̀mù yìí bá kúrò lónìí, ṣé omi á wọlé?" Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ tún un ṣe.

Ìgbésẹ̀ 10: Ẹ da omi sí i

Ẹ ṣe bí ti ìgbésẹ̀ 1, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó kó irinṣẹ́ wọn lọ. Ẹ má gbàgbé gọ́tà. Mìlímítà 1 òjò lórí mítà onígun mẹ́rin 1 jẹ́ lítà 1. Bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ sórí ilé tó bo mítà onígun mẹ́rin 120, lítà 6,000 ló ń wá ọ̀nà sísàlẹ̀. Gọ́tà tí kò dà sí ibì kan á tú u padà sẹ́yìn fásíà, sórí igi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀.

Lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ padà sínú àjà. Ẹ wá àwọn àmì ṣọ́ọ̀kì yẹn. Bí wọ́n bá ṣì gbẹ, tí ẹnikẹ́ni kò nù wọ́n, ẹ pe káfíńtà kó wá gba owó rẹ̀ tó kù.